Èkù Abẹ Látinú Píánò Àlòkù: Inú Igi Lowó Wà, Kì Í Ṣe Inú Eyín Erin

Àwọn àgbà ní bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni abẹ tí a fi ń fá irùngbọ̀n: ẹlòmíràn ló gbọ́dọ̀ gbẹ́ èkù fún un. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ kan wà lóde òní tí wọ́n ń fi gbígbẹ́ èkù yìí ṣe òwò, igi tí wọ́n sì ń lò kì í ṣe èyí tí wọ́n rà ní ṣọ́ọ̀bù. Inú dùrù píánò àlòkù, èyí tó ti sú onílé, ni wọ́n ti ń yọ ọ́.

A gbé iṣẹ́ náà yẹ̀wò fún yín lọ́tẹ̀ yìí nítorí ohun mẹ́ta. Ohun èlò rẹ̀ kò wọ́n ní àyíká wa. Owó ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò pọ̀. Ẹ̀kẹta ni pé kòtò kan wà lójú ọ̀nà rẹ̀ tó lè gbé èèyàn mì bí a kò bá tètè fi hàn án. Eyín erin ni kòtò náà. Ẹni tó bá tú píánò nítorí eyín erin orí rẹ̀ ń wá ìjàngbọ̀n. Ẹni tó bá tú u nítorí igi inú rẹ̀ lè rí oúnjẹ jẹ níbẹ̀, bó bá mọ ìṣirò.

KÍ LÓ DÉ TÍ PÍÁNÒ FI PỌ̀ NÍLẸ̀ BẸ́Ẹ̀?

Lọ́dún 1909 nìkan ṣoṣo, àwọn ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà ṣe píánò tó lé ní 350,000. Nígbà náà, rédíò kò tíì wọ ilé ẹnikẹ́ni, giramafóònù sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbilẹ̀ ni. Ìdílé tó bá fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé òun rí já jẹ, píánò ni yóò gbé sí yàrá àlejò. Maryland tiwa yìí kò kẹ́yìn nínú ọ̀rọ̀ náà. Baltimore ni ilé iṣẹ́ Knabe ti bẹ̀rẹ̀ ní 1837, ibẹ̀ náà sì ni ti Stieff wà. Bí ẹ bá rí píánò arúgbó nínú ilé kan ní agbègbè wa, tí orúkọ ọ̀kan nínú méjèèjì sì wà lára rẹ̀, kò rin ìrìn àjò jìnnà kó tó débẹ̀.

Nígbà tó yá, rédíò dé, tẹlifíṣọ̀n dé, kíbọ́ọ̀dù oníná dé. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ti yí sí kíbọ́ọ̀dù, nítorí pé ọmọdé kan lè gbé e lọ gbé e bọ̀. Píánò onígi tó dúró gbagidi lè wúwo láti 300 sí 800 pọ́n-ùn. Bí àwọn òbí bá kúrò nílé ńlá lọ sí ilé kékeré, tàbí tí wọ́n bá papò dà, píánò ni ẹrù tí àwọn ọmọ kì í jà sí. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ onílé fi ń fi í tọrẹ: ẹni tó bá lè gbé e, kó máa gbé e lọ.

Sísọ ohun tí wọ́n ti pa tì di ohun ìlò kì í ṣe àjèjì ní àdúgbò yìí. Ní 2005, Community Forklift bẹ̀rẹ̀ nínú Prince George's County níbí, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni gbígba igi, ilẹ̀kùn, fèrèsé àti àwọn ohun èlò ilé mìíràn tí wọn ì bá dà nù, kí wọ́n lè tún un tà. Lódìkejì odò Potomac, ní Alexandria, ilé iṣẹ́ tí ìjọba ti ń ṣe ohun ìjà abẹ́ omi tẹ́lẹ̀ di ilé àwọn oníṣẹ́ ọnà ní 1974. Orúkọ àtijọ́ náà ni wọ́n sì ń pè é títí dòní: Torpedo Factory Art Center.

Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe gbogbo píánò ni ká tú. Kẹ́ ẹ tó mú skrudíráfà, ẹ pe ẹni tó mọ píánò ṣe kó wá wò ó. Ẹgbẹ́ wọn, Piano Technicians Guild, ti wà láti 1957, ẹ sì lè bá wọn wádìí ẹni tó wà nítòsí. Bí férémù irin rẹ̀ kò bá là, tí àwọn ìṣó tó di okùn rẹ̀ mú kò sì yọ̀, ó lè ṣì wúlò fún ọmọ kan tó ń kọ́ dùrù. Píánò tí wọ́n bá ní kò ṣe é tún ṣe mọ́ ni tiwa.

OHUN TÓ WÀ NÍNÚ RẸ̀ TÓ WÚLÒ FÚN ÈKÙ

Píánò tó pé ní kíì 88: funfun 52, dúdú 36. Lẹ́yìn wọn ni férémù ńlá kan wà tí wọ́n fi irin yíyọ́ dà, tí okùn irin bíi 230 nà lé lórí. Pákó líle kan ló di gbogbo ìṣó okùn mú lókè. Pákó fẹ́lẹ́ kan wà lẹ́yìn, tí wọ́n fi igi spruce ṣe, èyí tí ń jẹ́ kí ohùn dún jáde. Àpótí ńlá tí a ń rí lóde ló bo gbogbo rẹ̀.

Kíì dúdú ni ohun àkọ́kọ́ tí agbẹ́kù ń wá. Lára píánò àtijọ́ tó dára, igi dúdú tí àwọn òyìnbó ń pè ní ẹ́bónì ni wọ́n fi ṣe wọ́n. Ilẹ̀ Áfíríkà ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti wá, láti inú igbó Gabon, Cameroon àti Nàìjíríà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó nǹkan bíi 95 mìlímítà, ó sì fẹ̀ tó 10 mìlímítà. Igi náà ti gbẹ fún ọgọ́rin ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò ní ká kò mọ́. Ẹ ṣọ́ra o, nítorí pé lára píánò olówó pọ́ọ́kú, igi lásán tí wọ́n pa láró dúdú ni wọ́n lò, tàbí rọ́bà. Bí ẹ ṣe lè dá a mọ̀ kò le: ẹ fi ayùn kékeré gé ìdí ọ̀kan. Ẹ́bónì dúdú dé inú. Èyí tí wọ́n pa láró yóò funfun tàbí kó pupa nínú.

Èkejì ni pákó tó di ìṣó mú. Igi maple líle ni wọ́n lẹ̀ pọ̀ ní ipele-ipele, ó le bí òkúta. Ihò pọ̀ lára rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ àti àárín ihò máa ń fún yín ní igi tó tó èkù.

Ẹ̀kẹta ni àpótí àti ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó lè jẹ́ igi walnut, ó lè jẹ́ ọ̀gànwó. Ọ̀gànwó ilẹ̀ wa rin ìrìn àjò púpọ̀ láyé àtijọ́, débi pé àwọn oníṣòwò igi ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ń pe oríṣi kan ní Lagos mahogany nítorí èbúté tí wọ́n ti kó o. Igi kan tó jọ ọ́ ni wọ́n sọ ní sapele, orúkọ ìlú Sàpẹ́lẹ́ tó wà ní Ìpínlẹ̀ Delta. Ẹ má sì jẹ́ kó yà yín lẹ́nu bí igi tí ẹ tú ní Maryland bá jẹ́ ará ilé. Kìkì ohun kan ni pé púpọ̀ nínú àwọn àpótí náà jẹ́ igi pọ́ọ́kú tí wọ́n fi awọ igi gidi tín-ín-rín bò lójú. Ẹ wo ẹnu rẹ̀ dáadáa kẹ́ ẹ tó máa yọ̀.

Àwọn nǹkan kéékèèké náà kò ṣé dànù. Bàbà wà lára okùn ohùn ìsàlẹ̀. Ìdè gígùn tó so ìdérí mọ́ àpótí ṣì ń wu àwọn kápẹ́ńtà. Aṣọ nípọn tó wà lórí àwọn hámà kékeré inú rẹ̀ dára láti fi dán idẹ. Férémù irin ńlá yẹn, àwọn tó ń ra irin àlòkù ni kẹ́ ẹ kó o fún.

KÒTÒ NÁÀ: EYÍN ERIN

Kí rọ́bà tó gba gbogbo ayé lẹ́yìn nǹkan bí 1950, eyín erin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ojú kíì funfun lára píánò tó dára. Ìlú kékeré méjì ní Ìpínlẹ̀ Connecticut ló fi iṣẹ́ yìí lókìkí. Ilé iṣẹ́ Pratt, Read wà ní Deep River. Comstock, Cheney wà ní Ivoryton, ìlú tí eyín erin fún ní orúkọ. Wọn a gé eyín náà pẹ́lẹ́bẹ́-pẹ́lẹ́bẹ́, wọn a sá a sínú ilé onígíláàsì kí oòrùn lè sọ ọ́ di funfun báláú. Ìlà Oòrùn Áfíríkà ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti wá, nípasẹ̀ Zanzibar. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, orí èèyàn ni wọ́n fi ru ú dé etíkun, ẹrú sì pọ̀ nínú àwọn tó ru ú.

Àwa tí a mọ iṣẹ́ àwọn ará Ọ̀wọ̀ mọ̀ pé eyín erin ní iyì. Ìdí nìyẹn tó fi lè dùn mọ́ ọmọ Yorùbá láti sọ pé òun fẹ́ fi í ṣe èkù abẹ fún ọlọ́lá. Ṣùgbọ́n òfin ti dúró tì í báyìí.

Ní 1989, Amẹ́ríkà ti ilẹ̀kùn mọ́ kíkó eyín erin Áfíríkà wọlé fún títà. Ní January 18, 1990, àdéhùn àgbáyé tí wọ́n ń pè ní CITES fi òfin de òwò rẹ̀ láàárín orílẹ̀-èdè. Ní July 6, 2016, òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tún le sí i: ẹ kò gbọdọ̀ ta eyín erin Áfíríkà láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn mọ́, àfi bó bá bọ́ sínú àwọn àyè díẹ̀ tí wọ́n fi sílẹ̀. Ọ̀kan ni ti ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tó ti pé 100 ọdún ó kéré tán. Òmíràn ni ti ohun tí eyín ara rẹ̀ kò tó 200 gíráàmù, tí kì í ṣe eyín náà ló gbé owó lé e lórí, tó ti wà ní Amẹ́ríkà kí òfin tó dé, tí wọ́n sì ti ṣe ohun náà tán kí ó tó di July 6, 2016.

Odindi píánò àtijọ́ lè gba àyè yẹn kọjá. Èkù abẹ tí ẹ gbẹ́ lónìí kò lè gbà á, nítorí pé ọjọ́ tí wọ́n ṣe èkù ni òfin ń wò, kì í ṣe ọjọ́ tí erin kú. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà nìyẹn. Wọ́n á ní, "Ṣebí eyín yìí ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún?" Eyín ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún lóòótọ́, ṣùgbọ́n èkù kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan.

Ẹ tún wo ibi tí Fort Washington wà. Ẹ bá Indian Head Highway lọ, ẹ gba afárá Woodrow Wilson, ẹ ti dé Virginia. Ẹ yà sí ọ̀nà kejì, ẹ ti wọ Washington DC. Oníbàárà tó ń gbé Alexandria ti wà ní ìpínlẹ̀ mìíràn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a lè rí òdìkejì odò láti etí omi níbí. Títà fún un ti di títà kọjá ààlà. Owó ìtanràn tí òfin là sílẹ̀ fún ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ lè dé 50,000 dọ́là, ó sì lè bá ẹ̀wọ̀n ọdún kan rìn. New York àti New Jersey ti ní òfin tiwọn lórí eyín erin láti 2014, California tẹ̀ lé wọn, Washington DC náà ní tirẹ̀. Ní Britain, òfin eyín erin tí wọ́n ṣe ní 2018 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní June 2022, nítorí náà ẹ má ṣe fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n ní London. Ẹ má sì ṣe kó o sínú báàgì lọ sí Èkó fún ọjọ́ ìbí bàbá. Orí íntánẹ́ẹ̀tì pàápàá kò gbà á: eBay ti dá títà eyín erin dúró láti January 2009, Etsy sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2013.

Yàtọ̀ sí ti òfin, eyín orí kíì kò tilẹ̀ wúlò tó fún iṣẹ́ yìí. Kò nípọn tó mìlímítà 2, ó sì máa ń là bí ẹ bá lu ihò sí i. Ọgbọ́n ibẹ̀ kò ju kẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n kẹ́ ẹ sì fi í sílẹ̀. Kíì eyín erin sábà máa ń ní ìlà tín-ín-rín kan níbi tí abala iwájú àti ti ẹ̀yìn ti pàdé, ẹ ó sì rí ìlà wẹ́wẹ́ bíi ti igi lójú rẹ̀. Rọ́bà kì í ní ìlà ìpàdé. Ẹ má ṣe gbóná abẹ́rẹ́ tì í láti dán an wò o! Irú rọ́bà àtijọ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní celluloid, wàrà ló ń gbaná. Ẹ kó àwọn kíì eyín erin sínú àpótí kan, ẹ ya fọ́tò píánò náà àti nọ́ńbà ara férémù rẹ̀, kẹ́ ẹ sì bi U.S. Fish and Wildlife Service ohun tó yẹ kẹ́ ẹ ṣe.

Àpótí píánò àtijọ́ mìíràn tún wà tí wọ́n fi igi rosewood ilẹ̀ Brazil bò. CITES ti fi igi yẹn náà sí abẹ́ òfin tó le jù láti 1992. Ẹ má fi irú rẹ̀ ránṣẹ́ sókè òkun láìgba ìwé.

BÍ A ṢE Ń TÚ U LÁÌFARAPA

Ẹ rántí pé okùn tó wà nínú píánò kan ń fa ara wọn pẹ̀lú agbára tó tó tọ́ọ̀nù 15 sí 20. Ẹni tó bá kàn fi píńṣà gé okùn náà ń fi ojú ara rẹ̀ ṣeré. Ẹ wọ awò ààbò àti ìbọ̀wọ́. Ẹ fi irin ìyíṣó píánò tú ìṣó kọ̀ọ̀kan díẹ̀díẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kẹ́ ẹ tún padà bẹ̀rẹ̀. Ẹ má ṣe tú apá kan tán kẹ́ ẹ tó kan èkejì, nítorí pé férémù lè là. Ìgbà tí gbogbo okùn bá ti dẹ̀ pátápátá ni kẹ́ ẹ tó máa gé wọn.

Òjé wà nínú igi kíì púpọ̀, róbótó-róbótó, tí wọ́n fi ń mú ìwúwo wọn dọ́gba. Òjé lè wà nínú ọ̀dà àtijọ́ tí wọ́n fi kun àpótí pẹ̀lú. Ẹ má ṣe gé òjé, ẹ má ṣe fi sáńpépà ha á, ẹ fọ ọwọ́ kẹ́ ẹ tó jẹun, kí ọmọdé má sì sún mọ́ ibẹ̀. Eruku ẹ́bónì náà máa ń yún awọ ara, ó sì ń dí èémí, nítorí náà ìbòmú ṣe pàtàkì. Gáréèjì tí a ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀ sàn ju yàrá ìsàlẹ̀ ilé lọ.

BÍ A ṢE Ń GBẸ́ ÈKÙ

Oríṣi èkù méjì ló ń tà.

Àkọ́kọ́ ni ti sìtíkì ìfárùngbọ̀n onírin tí à ń de bíléèdì kan ṣoṣo sí lórí, irú èyí tí King Camp Gillette gba ìwé àṣẹ rẹ̀ ní 1904. Orí irin rẹ̀ ni kẹ́ ẹ rà. Èkù nìkan ni ẹ ó gbẹ́. Kíì dúdú kan tín-ín-rín jù, nítorí náà ẹ lẹ méjì pọ̀, tàbí kẹ́ ẹ fi maple sáàárín wọn kó lè ní ìlà funfun. Ẹ jẹ́ kí gọ́ọ̀mù gbẹ mọ́jú. Ẹ fi dírììlì lu ihò sí orí rẹ̀ gan-an láàárín, ẹ fi ìdì idẹ oníhò tó ní tíríìdì sínú rẹ̀, kẹ́ ẹ tó gbé e sórí ẹ̀rọ tí ń yí igi láti fá a di róbótó. Ohun tó ń bà èyí jẹ́ jù ni tíríìdì. Sìtíkì Gillette àtijọ́ ń lo èyí tí wọ́n ń pè ní 10-32, ọ̀pọ̀ tòde òní ń lo M5. Wọ́n jọra bí ìbejì ṣùgbọ́n wọn kò bára mu. Èyí tí ẹ fi tipá yí wọlé yóò jẹ ara rẹ̀ dànù, oníbàárà yóò sì dá a padà.

Èkejì ni èkù abẹ kíká, irú èyí tí àwọn onígbàjámọ̀ ayé àtijọ́ ń lò, tó ń ká wọ inú èkù rẹ̀. Abẹ Sheffield tàbí Solingen àtijọ́ tí irin rẹ̀ dára ṣùgbọ́n tí èkù rẹ̀ ti fọ́ pọ̀ lọ́jà àlòkù. Igi pẹlẹbẹ méjì ni èkù rẹ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan nípọn tó bíi mìlímítà 3, tó sì gùn tó nǹkan bíi mìlímítà 150. Kíì dúdú kúrú fún èyí. Igi àpótí tàbí pákó maple ni kẹ́ ẹ lò. Ìṣó idẹ tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni abẹ náà yóò máa yí lórí rẹ̀, òmíràn yóò so ìdí èkù pọ̀ mọ́ ìtì kékeré kan tó nípọn lápá kan ju èkejì lọ. Ìtì yìí ló ń jẹ́ kí abẹ bọ́ sáàárín èkù láìfi ẹnu kan ibì kankan. Ẹ fi hámà kékeré lu orí ìṣó náà wúyẹ́wúyẹ́ títí yóò fi tẹ́. Ẹ má ṣe lo okùn píánò fún ìṣó yìí bó ti wù kó wù yín tó: irin rẹ̀ le jù, kì í tẹ́, èkù ni yóò là.

Méjèèjì ni omi àti ọṣẹ yóò máa kàn lójoojúmọ́. Ẹ fi sáńpépà dán an títí yóò fi jọ̀lọ̀, ẹ fi òróró igi tàbí fáníìṣì kùn ún ní ìgbà mẹ́ta sí mẹ́rin, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó gbẹ láàárín ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èkù tí omi bá wọ̀ yóò wú, abẹ kò sì ní ká dáadáa mọ́.

ÌṢIRÒ OWÓ

Ibi tí ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ọwọ́ ti ń sunkún nìyí. Ẹ jẹ́ ká fi òǹkà àpẹẹrẹ ṣe é. Ẹ fi tiyín rọ́pò rẹ̀.

Ká sọ pé ẹ gba píánò lọ́fẹ̀ẹ́, ọkọ̀ àti àwọn tó bá yín gbé e sì jẹ 150 dọ́là. Kíì dúdú 36, méjì-méjì fún èkù kan, yóò jẹ́ èkù 18. Ẹ yọ mẹ́ta fún èyí tó bá bàjẹ́, ó ku 15. Owó píánò lórí èkù kọ̀ọ̀kan jẹ́ 10 dọ́là. Orí irin tí ẹ rà jẹ́ 20 dọ́là. Idẹ, gọ́ọ̀mù, fáníìṣì àti páálí jẹ́ 6 dọ́là. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 36 dọ́là. Bí ẹ bá ta ọ̀kan ní 90 dọ́là, tí ẹni tó bá yín tà á sì gba ìdá mẹ́wàá, ó ku 81. Ẹ yọ 36 kúrò, èrè jẹ́ 45 dọ́là. Bí gbígbẹ́ ọ̀kan bá gbà yín ní wákàtí méjì ààbọ̀, wákàtí kan ń mú 18 dọ́là wọlé. Ó dára, àbí?

Ẹ má tíì jó. Ẹ kò tíì ka wákàtí tí ẹ fi tú píánò. Bó bá jẹ́ wákàtí 15, èkù kọ̀ọ̀kan ti gba wákàtí kan sí i. Ẹ pín 45 dọ́là sí wákàtí mẹ́ta ààbọ̀, kò tó 13 dọ́là. Owó iṣẹ́ tó kéré jù tí òfin Maryland gbà láti January 2024 jẹ́ 15 dọ́là fún wákàtí kan. Á jẹ́ pé ẹ̀yin ọ̀gá ilé iṣẹ́ ń gba owó tó kéré sí ti ọmọ iṣẹ́ tí ẹ bá gbà.

Ọ̀nà àbáyọ méjì ló wà. Ẹ lè gbé owó rẹ̀ dé 100 dọ́là, ìgbà náà lẹ tó kọjá 15 dọ́là díẹ̀. Ọ̀nà kejì ló sàn jù: ẹ má ṣe tú odindi píánò nítorí kíì dúdú nìkan. Bí ẹ bá fi pákó maple, àpótí àti ẹsẹ̀ rẹ̀ kún un, tí píánò kan sì fún yín ní èkù 40, owó píánò lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan kò tó 4 dọ́là mọ́, àkókò ìtúpíánò lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan kò sì tó ìdajì wákàtí. Ní 90 dọ́là yẹn náà, wákàtí kan yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ mú 18 dọ́là wọlé fún yín, tòun ti àkókò tí ẹ fi tú u. Ẹni tó pa màlúù tó jẹ́ pé ìrù nìkan ló sè, ebi ni yóò pa á.

TÍTÀ ÀTI ÌWÉ

Ìtàn ni oníbàárà ń rà mọ́ èkù. Nọ́ńbà tó wà lára férémù lè jẹ́ kẹ́ ẹ mọ ọdún tí wọ́n ṣe píánò náà. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ kẹ́ ẹ tó tú u, ẹ kọ ìtàn rẹ̀ sórí káàdì kékeré kan, kẹ́ ẹ fi í sínú páálí. Ẹ kọ irú igi náà síbẹ̀ pẹ̀lú, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ gbangba pé kò sí eyín erin lára rẹ̀. Òtítọ́ yẹn fúnra rẹ̀ ń tajà. Ẹ má ṣe fi orúkọ ilé iṣẹ́ píánò ṣe orúkọ ọjà yín o. Kẹ́ ẹ sọ ibi tí igi ti wá yàtọ̀ sí kẹ́ ẹ fi orúkọ olórúkọ jẹun.

Owó orí ọjà ní Maryland jẹ́ ìdá mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Comptroller kẹ́ ẹ tó ta àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ sì yà kúrò ní ilé ẹjọ́ ní Upper Marlboro láti bi akọ̀wé wọn bóyá ẹ nílò ìwé àṣẹ oníṣòwò. Fún ọjà, National Harbor tó ṣí ní 2008 kò jìnnà sí wa, àlejò sì ń wọ ibẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Àwọn onígbàjámọ̀ tiwa náà wà, tí wọ́n mọ iyì abẹ. Ẹni tó bá fẹ́ mú abẹ lọ sílé fún ẹ̀bùn, inú ẹrù tí ọkọ̀ òfurufú ń gbà ni kó kó o sí. Wọn kì í jẹ́ kí abẹ kíká tàbí bíléèdì bá èrò wọ inú ọkọ̀.

Bàbá tó fárí ọmọ tuntun, ìyàwó tó ń wá ẹ̀bùn fún ọkọ, ọkọ ìyàwó tó fẹ́ fún àwọn ọ̀rẹ́ tó bá a dúró ní nǹkan: oníbàárà ni gbogbo wọn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú píánò kan ṣoṣo, kẹ́ ẹ kọ wákàtí àti owó yín sílẹ̀ láti ọjọ́ kìn-ín-ní. Ẹ lo igi tán, ẹ fi eyín erin sílẹ̀ fún erin. Olúwa yóò fi òǹtẹ̀ lu iṣẹ́ ọwọ́ wa o.